Apá Àgbò tí Wọ́n Dá Padà

Sheffield,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2024.

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín Mujeebah kúnlẹ̀ kí yín láti ibi òtútù. Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ẹ kú ìnira orúnkún náà. Àbúrò mi Moṣọpẹ́ ti rojọ́ yín fún mi, ó ní ẹ ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí oko Olúpọ̀nnà, pé nígbà tí òun sọ̀rọ̀, ẹ ní kí òun lọ bí bàbá tòun. Ẹni àádọ́rin ọdún ni yín o, Bàámi. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa gbé yín.

Ìwé mi ti jáde. Mo ti fi ẹ̀dà mẹ́fà rán Àǹtí Fọlá tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ẹ̀wù Ajẹ́lẹ̀" ni mo pè é. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀wù kákì tó wà nísàlẹ̀ àpótí yín ni wọ́n yà sí iwájú rẹ̀, fọ́tò tí mo ní kí Moṣọpẹ́ yà fún mi níjọ́sí. Ìtàn bàbá yín àgbà ni, Bàbá Sàlàkọ́, àti bí wọ́n ṣe kọ̀ láti san owó orí fún òyìnbó ní abà Ìdí-Ọsàn. Mo sọ bí wọ́n ṣe mùlẹ̀, bí akólòlò kan láàárín wọn ṣe tà wọ́n fún akódà ìjọba, àti bí Bàbá Sàlàkọ́ ṣe dojú kọ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀ tó sì bọ́ ẹ̀wù náà kúrò lára rẹ̀. Níbí, wọn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ńṣe làwọn bàbá wa fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí òyìnbó dé. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ kí n tó jókòó kọ èyí.

Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin ni wọn yóò ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú Ìwó. Ẹ bá mi lọ. Ẹ jókòó níwájú. Ẹ wọ agbádá sányán yẹn, ẹ má wọ dàńṣíkí tẹ́ ẹ fi ń lọ sóko. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, n kò lè jáde títí wọn ó fi dá a padà, ẹ̀yin lẹ ó ṣojú mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ààwẹ̀ bá yín láyọ̀.

Èmi ni,
Mujeebah yín.


Ìwó,
28/4/2024.

Àmọ̀kẹ́,

Alááfíà fún ẹ àti fún ilé rẹ. A gba ààwẹ̀ tán, a ṣe ìtúnu, kò sí ẹni tó kú. Orúnkún mi wà níbẹ̀. Sọ fún Moṣọpẹ́ kó yéé fẹjọ́ mi sùn.

Inú bébà ni mo kọ èyí sí, Moṣọpẹ́ á ya á, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Má pè mí lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ rò kí n tó sọ, bébà ni mo máa ń gbé e fún.

Mo lọ. Mo wọ sányán. Àga tó kọ́kọ́ wà níwájú ni wọ́n gbé mi sí, wọ́n ń pè mí ní ọmọ akọni, ọmọ aládàá tó bọ́ òyìnbó sí ìhòòhò. Àwọn tí kì í kí mi ní mọ́ṣáláṣí ń dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ka ìwé rẹ fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀. O kọ ọ́ dáadáa. Èmi tí mo ṣe hẹ́dímásítà fún ọdún mọ́kànlélógún kì í yin ọmọ nítorí pé ó jẹ́ tèmi. O kọ ọ́ dáadáa.

Ibi tí wọ́n wá kà jù ni ibi akólòlò. Alága ìjókòó ń sín in jẹ. Ibi tí o ti sọ pé gbogbo ayé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń há a lẹ́nu, àfi ọjọ́ tó máa ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ geere bí omi, gbogbo gbọ̀ngàn ló bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, Àlàní dìde. O mọ Àlàní, ọmọ ọmọ Ìyá àgbà Ràfíátù ní agboolé Adédìpẹ̀, tíṣà ni báyìí. O mọ̀ pé òun náà ń kólòlò. Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé, "Akólòlò Ìdí-Ọsàn rèé o." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àlàní mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ta ló sọ fún ẹ pé akólòlò ló tà wọ́n?

Bàbá rẹ,
A. Sàlàkọ́.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàámi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Moṣọpẹ́ fi fọ́tò yín ránṣẹ́. Ẹ jókòó bí ọba. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé Bàámi rẹwà tó báyìí, mo ní òun ló fọ́jú.

Ó dùn mí pé wọ́n fi Àlàní rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Ìtàn àròsọ ni, Bàámi, n kò dárúkọ agboolé ẹnikẹ́ni.

Ẹ bi mí ta ló sọ fún mi. Ẹ̀yin ni, lọ́nà kan. Ẹ rántí iṣẹ́ àmúrelé tí wọ́n fún wa ní praimárì fáìfù, pé kí kálukú kọ ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe nígbà òyìnbó? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Bàbá Sàlàkọ́ kọ owó orí, pé ọwọ́ òyìnbó ni ẹ̀wù yẹn ti wá, pé ẹnì kan ta àwọn ará Ìdí-Ọsàn. Ẹ ò dárúkọ ẹni náà. Èmi ni mo wá a rí.

Ẹ rántí pé mo máa ń gbé apá àgbò lọ sí ilé Adédìpẹ̀ ní gbogbo Iléyá. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ẹran nílé wa, apá ọ̀tún ti wà nínú abọ́ tánganran, ẹ ti fi aṣọ funfun bò ó, ẹ ti gbé e lé mi lórí. "Bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Má jókòó. Má mu omi wọn." Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, oòrùn mú, òùngbẹ sì gbẹ mí débi pé ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìyá àgbà Ràfíátù gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó bu omi jáde nínú ife páànù búlúù kan. Ó nà án sí mi. Mo mi orí. Ó tún nà án. Mo tún mi orí. Ó dúró pẹ̀lú ife yẹn lọ́wọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra da omi náà sídìí igi ọsàn wọn.

N kò gbàgbé rẹ̀ láéláé. Mo ń rò ó bọ̀ lọ́nà pé irú ilé wo lèèyàn ń fún lẹ́ran, tí kò gbọdọ̀ mu omi wọn? Ilé ọ̀dàlẹ̀ ni. A ń bọ́ wọn nítorí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n a kì í bá wọn jẹ. Gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní ilé akólòlò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Àbí mo ṣì í?

Ẹ kú ìmúra Iléyá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta àgbò arúgbó fún yín.

Mujeebah.


Ìwó,
19/6/2024.

Mujeebah,

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá la pa ẹran. Mo ní kí ọmọ Moṣọpẹ́, Mùbárákù, gbé apá ọ̀tún lọ bí a ti ń ṣe. Kò tíì pé wákàtí kan lẹ́yìn tó dé, Àlàní wọlé. Àwọn àlejò kún ìta, ìmáàmù àdúgbò wà níbẹ̀. Abọ́ náà ló gbé. Wọn ò ká aṣọ orí rẹ̀ rárá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi bí àwa ṣe ń bọ́ tiwa lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó gbé abọ́ náà síwájú mi, ó ní ìyá ní kí òun dá a padà. Kò jókòó. Moṣọpẹ́ gbé omi fún un, ó mi orí.

Láti ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé owó orí dé ilẹ̀ yìí, wọn ò dá apá yẹn padà rí. Ìgbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n gbà á. Ìgbà tí wọ́n yó, wọ́n gbà á.

O bi mí bóyá o ṣì í. O ṣì í. Adédìpẹ̀ kò ta ẹnikẹ́ni. Sàlàkọ́ ló ta Adédìpẹ̀. A kì í fi ẹran yẹn bọ́ ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Ẹran náà ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́.

A. Sàlàkọ́.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 2024.

Bàámi,

Mo ka ìwé yín nígbà mẹ́rin.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Mo bèèrè lọ́wọ́ yín nígbà tí mò ń kọ ọ́. Mo pè yín ní àìmọye ìgbà. Mo ní, "Bàámi, kí ni Sàlàkọ́ ṣe?" Ẹ ní, "Akọni ni, ọmọ mi, kọ ọ́." Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ẹ jókòó sí àga iwájú, ẹ gbọ́ ọ, ẹ wálé, ẹ wá ń bi mí pé ta ló sọ fún mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ foríjì mí, mo mọ̀ pé ọmọ kì í bá bàbá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Wọ́n ti mú ìwé náà mọ́ márùn-ún tó ń du ẹ̀bùn ńlá kan níbí. Oṣù Kẹsàn-án ni wọn yóò kéde rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó sì tún ń kọ̀wé ní òru mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bàámi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú tán. Ìtàn àròsọ ni mo kọ, n kò búra ní kóòtù. Bí àwọn ará ilé Adédìpẹ̀ bá fẹ́ ìtàn tiwọn, Àlàní mọ̀wé, kó kọ ọ́.

Ẹ má bínú.

Mujeebah.


Ìwó,
17/11/2024.

Àmọ̀kẹ́,

Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Mo rí i lórí fóònù Moṣọpẹ́ pé o gba ẹ̀bùn náà. N kò kí ẹ. Mo fẹ́ kí ẹ, ọwọ́ mi kọ̀, kò gbé bírò. Mo kí ẹ báyìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé rẹ tó kẹ́yìn gbóná, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú rẹ̀ àyàfi ìparí. O bú mi, mo sì yẹ fún un. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún ẹ, kí o lè bú mi dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ tí Àlàní ti ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa akọni Ìdí-Ọsàn. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀wù náà dání. Mo lọ. Mo mú un dání. O gbọ́ ohun tí mo wí? Lẹ́yìn tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ẹ pé Sàlàkọ́ ló ta Adédìpẹ̀, mo dúró níwájú igba ọmọ, mo ní òun ló bọ́ ẹ̀wù náà lára ajẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń tò láti fọwọ́ kàn án. Àlàní dúró lẹ́yìn, ó ká ọwọ́, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo délé, mi ò lè kírun àṣálẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn, mo dá a kí nínú yàrá. Ojú tì mí débi pé n kò lè dúró lórí ìlà.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí bàbá mi sọ ọ́ fún mi, ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ tíṣà. Sàlàkọ́ àti Adédìpẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, oko wọn pààlà. Àwọn mẹ́tàlá ló fọwọ́ lé Kùránì ní Ìdí-Ọsàn pé àwọn ò ní san owó orí, àwọn ò sì ní dárúkọ ara àwọn. Akódà wá, wọ́n sá wọ igbó. Ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti mú Sàlàkọ́. Wọ́n tì í mọ́lé di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò tíì nà án. Ìyẹn ni bàbá mi tẹnu mọ́ jù: wọn ò tíì nà án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú wọn lọ sí àká tí Adédìpẹ̀ fara pamọ́ sí.

Adédìpẹ̀ ni wọ́n nà. Wọ́n ní kó dárúkọ àwọn yòókù. Akólòlò ni lóòótọ́. Bó bá la ẹnu, wọ́n á dá ọwọ́ dúró, wọ́n á máa retí, wọ́n rò pé orúkọ ń bọ̀ lọ́nà ni. Kò sí orúkọ kankan tó jáde. Ó pẹ́ kó tó yé wọn pé kì í ṣe kíkólòlò ló dí i lẹ́nu. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Ìbàdàn, kò padà, a ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nítorí tirẹ̀, àwọn mọ́kànlá yòókù sùn ní ilé wọn. Olórí akódà bọ́ ẹ̀wù kákì kan fún Sàlàkọ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó fi fún un gan-an kì í ṣe òyìnbó.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, ó gé apá ọ̀tún àgbò rẹ̀, ó gbé e lọ fún ìyàwó Adédìpẹ̀. Obìnrin náà ní òun ó gbà á nítorí àwọn ọmọ òun. Ó ní ṣùgbọ́n ará ilé Sàlàkọ́ kò gbọdọ̀ jókòó sí ilé òun, kò gbọdọ̀ mu omi òun, títí Adédìpẹ̀ yóò fi dé. Láti ọjọ́ náà, ọmọdé là ń rán. Àgbà wa kan kò lè gbé e lọ, torí ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Mujeebah, padà sí ìwé tí o kọ sí mi ní oṣù Karùn-ún. O ní Ìyá àgbà Ràfíátù na omi sí ẹ lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ̀. O ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà, n kò sì bi ẹ́. Ṣé o wá mọ ohun tó nà sí ẹ? Ìyàwó Adédìpẹ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá àgbà nìkan ló kù tó ní ẹnu láti mú òfin yẹn kúrò. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ó mú un kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan mi orí sí i, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dà á sídìí igi ọsàn. O wá dàgbà, o pe bàbá àgbà rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, o gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀.

Mi ò dá ẹ lẹ́bi ju ara mi lọ. Irọ́ tí mo pa fún ọmọ praimárì fáìfù, mo rò pé irọ́ kékeré ni, kí ojú má ba à tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ìyá yẹn ń wò mí lọ́jà Odò-Orí tó ń kí mi.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò tíì sọ. Ìwọ wí.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025.

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀. N kò ní dìde títí ìwé yìí á fi parí.

Ẹ ó ti máa rò pé mo ti kọ̀ yín. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín, mo kọjá ibi tí mo ti yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀, mo gùn ún dé òpin ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, àìmọye ìgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yìí, mo ń fà á ya. Ohunkóhun tí mo bá kọ ló ń dùn jù. Mo rí i pé mo tún ti ń ṣe é kó dáa létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún mi lẹ́bùn náà, wọ́n ní kí n ka ibì kan. Ibi akólòlò ni mo kà. Mo kólòlò fún wọn. Mo ti mọ òtítọ́ nígbà yẹn, ìwé yín ti oṣù Kẹfà wà nínú àpò mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo dúró títí ẹ̀rín náà fi rọlẹ̀, mo tún ṣe é. Ẹ ní ẹ parọ́ níwájú igba ọmọ. Èmi fi bàbá ẹlòmíràn ṣe eré níwájú àwọn tí kò mọ ibi tí Ìwó wà. Mo sì ní kí Àlàní lọ kọ tiẹ̀. Tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, mo máa ń dá nìkan pòṣé láàárín ilé, ọkọ mi á ní kí ló dé.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà. Wọ́n ní ìtàn àròsọ kì í tọrọ àforíjì, pé màá ba ọjà jẹ́. Mo ní kí wọ́n dá títẹ ti èdè Yorùbá dúró, torí èyí tí wọ́n fẹ́ gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Wọ́n dá a dúró, inú wọn ò dùn. Wọ́n gbà pé bí wọ́n bá tún tẹ ti Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kan yóò wà níwájú pátápátá tí màá fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo mọ̀ pé kò tó. Àwọn tó ti rẹ́rìn-ín kò ní rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ti kọ ojú ìwé náà ní Yorùbá kí n tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun nìyí. Ẹ bá mi kà á fún Ìyá àgbà Ràfíátù bí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn:

"Ẹni tí mo pè ní akọni nínú ìwé yìí, bàbá bàbá bàbá mi ni. Òun ló ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù tó wà níwájú ìwé yìí ni wọ́n fi san án. Ẹni tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà, Adédìpẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ará Ìdí-Ọsàn. Wọ́n nà án kó lè dárúkọ ẹni mọ́kànlá, kò dárúkọ ẹnì kan. Ó ń kólòlò. Kò kólòlò lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́ ni. Èmi Mujeebah, ọmọ Abdulsobur, ọmọ ilé Sàlàkọ́, ni mo parọ́ mọ́ ọn."

Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Mo lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lè padà wá bá àwọn ọmọ mi. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ pàápàá, torí pé Adédìpẹ̀ ní ọmọ.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Mujeebah.


Ìwó,
9/6/2025.

Àmọ̀kẹ́ mi,

Alááfíà fún ẹ. Dìde nílẹ̀, orúnkún ló ń pa èmi, má jẹ́ kó pa ìwọ náà.

Mo pẹ́ kí n tó dá ẹ lóhùn nítorí pé mo fẹ́ kí Iléyá dé. Ó dé ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí mo gé apá ọ̀tún, Mùbárákù na ọwọ́ kó gbé e. Mo ní rárá. Moṣọpẹ́ ní kí òun pe ọlọ́kadà, mo ní òun náà rárá. Mo gbé abọ́ náà rù, mo fi ẹ̀wù kákì há abíyá, mo fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo àdúgbò ń wò mí. Wọ́n ń ní, "Hẹ́dímásítà, ẹ gbé e fún ọmọdé." Mo ní àwọn ọmọdé ti gbé e tó.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí fìlà. Ìyá àgbà Ràfíátù jókòó lábẹ́ igi ọsàn, Àlàní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún èèyàn kẹ́yìn, n kò mọ̀ bóyá màá lè dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ látorí ilẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn aládùúgbò tó ti rọ̀gbà yí wa ká lè gbọ́. Lẹ́yìn náà mo mú ojú ìwé rẹ jáde. Ojú mi kò ríran kà á, omi ti kún un. Ìyá ní, "Gbé e fún Àlàní."

Àlàní kà á. O mọ bó ṣe máa rí. Orúkọ Adédìpẹ̀ há a lẹ́nu fún ìgbà tó pẹ́. Ẹnì kan fẹ́ bá a sọ ọ́, Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ẹni náà pa ẹnu mọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Mujeebah. A dúró dè é títí ó fi kà á tán, títí dé orúkọ rẹ àti tèmi.

Ìyá gba ẹran náà. Kò sọ pé òun dárí jì wá, n kò sì bèèrè. Mo gbé ẹ̀wù náà fún un, mo ní kó sun ún. Ó fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Ẹ gbé e lọ. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí àlejò á ti máa rí i. Bí wọ́n bá bèèrè, ẹ sọ bó ṣe dé ilé yín." Ó ti wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Ìmáàmù ti bèèrè, mo ti sọ fún un. Ẹni mẹ́ta ti bèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì rọrùn.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí Àlàní wọlé lọ mú ife wá. Páànù búlúù ni, ó ti jẹ létí. Omi wà nínú rẹ̀. Mo na ọwọ́, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì rò pé ó parí. Ó fa ife náà sẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe tèmi. Ó ní ọmọbìnrin kan wà tó gbé ẹran wá nínú oòrùn, tó mi orí sí òun lẹ́ẹ̀mejì, tí ètè rẹ̀ gbẹ. Òun ló ni ín.

Ó gbé ife náà lé orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dà á nù.

Ìyá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Kò sọ pé òun á dúró dè ẹ́.

Bàbá rẹ,
Abdulsobur.